Apá Ọ̀tún Mi Ni Wọ́n Gbà Síṣẹ́

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Èkó. Lọ́rì ló gbé mi dé, eruku ni mo wọ̀ lẹ́wù, ìyẹn tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé lọ́jọ́ kejì tí mo dé, àárọ̀ ni mo ti kúrò ní Ìdúmàgbò, oòrùn sì ti kan àtàrí kí n tó fojú kan Màrínà. Ọ̀nà náà kò jìn. Ìkíni ló dá mi dúró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ìyá mi sì ti kọ́ mi pé ẹni tó bá pàdé ènìyàn lọ́nà tí kò kí i, ewúrẹ́ sàn jù ú lọ, torí ewúrẹ́ a máa ké. Mo kí àwọn tó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo kí àwọn alágbàṣe, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo kí ọkùnrin kan tó ń fá irùngbọ̀n lójú fèrèsé, ẹnu yà á débi pé ó fi abẹ gé ara rẹ̀. Nígbà tí mo yọ sí Ìdúmọ̀tà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i pé bí mo bá fẹ́ kí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ tán, ọdún Kérésìmesì ni yóò bá mi lórí ìnàró.

"Bọ̀ọ̀dá," obìnrin kan tó ń ta aṣọ pè mí, "ṣé ìbò lẹ wá tọrọ ni?"

Mo ní rárá o, mo kàn ń kí wọn ni.

"Ó dáa, ẹ ti kí wa. Ẹ máa lọ. Ẹ ń dí mi lójú ọjà."

Tíṣà ni mí nílé. Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ibẹ̀ náà sì ni òyìnbó àlùfáà kan ti kọ́ mi ní kiríkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kò le. Wọ́n á ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, ẹnìkan á dúró níwájú wọn pẹ̀lú pátákó tí wọ́n ń pè ní báàtì, ẹnìkejì á sáré bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, á ju bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta láti fi wó igi náà. Èmi ni mo máa ń sáré bọ̀. Igi wíwó niṣẹ́ mi. Bí ẹ bá gbé báàtì lé mi lọ́wọ́, ẹ ti ṣìkà. Ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ń fi mí sí, n kì í sì í pẹ́ lójú pápá kí n tó padà wá jókòó.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ eléré ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Màrínà wá bá àwa tíṣà figagbága ní Ìbàdàn. Ènìyàn mẹ́jọ nínú wọn ni mo wó igi wọn. Òyìnbó tó ń darí eré fún wọn, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Eré, nu òógùn ojú, ó bi mí pé kí ni mò ń gbà lóṣù nílé-ìwé. Mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lóṣù tó tẹ̀lé e, mo di akọ̀wé l'Ékòó.

Akọ̀wé! Ẹ ò rí i bó ṣe dùn lẹ́nu. Orúkọ mi wà nínú ìwé wọn, tábìlì wà, àga wà, yíǹkì wà nínú ìgò. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún mi ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ìyókù ara mi kàn bá a wá ni. Kò sí àárọ̀ tí Ṣówándé, mẹ́sẹ́ńjà ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kò ní í wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Akọ̀wé, pápá ń pè ọ́ o. Ṣé kí n bá ọ dé yíǹkì yìí, kó má baà gbẹ láìṣiṣẹ́?"

Yàrá tí mo gbà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Pẹ́dúrò, káfíńtà tó ń kan pósí ní Ìdúmàgbò. Àgùdà ni bàbá yìí, ọmọ àwọn tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wálé. Iwájú ilé ni àwọn pósí máa ń wà, wọ́n tò bí àga ilé ìjọsìn, àárín wọn sì ni èmi yóò gbà kí n tó dé ibùsùn mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo dúró gbagidi lójú títì pẹ̀lú pótímáńtò mi lọ́wọ́.

"Wọlé," ni Bàbá wí. "Wọn kì í bu ènìyàn jẹ."

"Bàbá, ṣé kò sọ́nà míì ni?"

"Gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìwọ ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ rìn, o kò dúpẹ́."

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù l'Ékòó kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Iṣu ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ra iṣu, obìnrin tó ń tà á mú ọ̀bẹ, ó bi mí pé apá ibo ni mo fẹ́. Mo rò pé etí mi ló ṣì gbọ́. Apá ibo? Ṣé màlúù ni? Nílé wa, bí ẹnìkan bá gé iṣu sí wẹ́wẹ́ lọ́jà tó ń tà á, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó, bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo ra odindi mẹ́ta. Bàbá Pẹ́dúrò rí mi, ó ní ṣé mo fẹ́ gbéyàwó ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Jésù kú, Bàbá fún mi ní abọ́ fùrèjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sè. Mo tọ́ ọ wò. Mo wo Bàbá lójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣèèṣì da ṣúgà sẹ́wà?"

Ó fọwọ́ ya àgbélébùú sí àyà. "Olúwa, dárí ji ará òkè yìí. Jẹun, jàre."

Mo jẹ ẹ́. Lọ́dún kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé abọ́ mi jáde sí ẹnu ọ̀nà.

Ará òkè: orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tí a ti ìlú òkè wá nìyẹn. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, èébú ni. "Ará òkè, gbé garawa rẹ kúrò níbẹ̀!" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ti ń bọ́ kóòtù mi lójú pápá, tí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó dúró yí pápá ká bá rí mi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àtẹ́wọ́: "Ará Òkè! Ará Òkè! Wó igi wọn!" Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà nígbà míì. N ò mọ ìgbà tó di oríkì. Nígbà tí mo bá sì lọ sílé fún ìsinmi, àwọn ará ilé á ní, "Ẹ wá wo Ará Èkó." Mo wá ní orúkọ méjì, ìlú méjèèjì tó fún mi lórúkọ ni kò sì pè mí ní ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ibì kan ṣoṣo tí mo ti máa ń mọ ẹni tí mo jẹ́ ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjìlá tí mo fi ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kejìlá, tí apá mi yí, tí igi fò, n kì í ṣe ará ibì kankan mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ ayé yẹn.

Tẹlifóònù wà nílé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni màá pè? Kò sí ọ̀kan nílùú wa. Àjàyí dẹ́rẹ́bà ni tẹlifóònù mi. A jọ lọ sílé-ìwé ni. Lọ́rì ló ń wà láàárín ilé wa àti Èkó, á kó kòkó bọ̀, á kó páànù lọ. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí akọ̀wé lẹ́tà kankan gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀, ẹnu Àjàyí ló ń rán. Àjàyí kì í fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ohùn ìyá mi gan-an ló máa ń mú jáde, á fọwọ́ lé ìbàdí, tòun ti irùngbọ̀n bí òbúkọ:

"'Ọmọ mi, ṣé ò ń rí iyán jẹ? Mo gbọ́ pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Má sáré nínú oòrùn o. Akọ̀wé kì í sáré. Jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ.'" Ó sinmi. "Ó sọkún díẹ̀ níbí yìí. Ṣé kí èmi náà sọkún?"

"Má sọkún, jọ̀ọ́. Sọ fún un pé mo jókòó."

Irọ́ ni mo pa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó fi epo títà rán mi nílé-ìwé pé eré ni wọ́n ń sanwó fún mi ṣe?

Ejìká mi ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́. Ọ̀yẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sáré bọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo yí apá, nǹkan kan sì dún "kà" nínú ejìká mi bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Bọ́ọ̀lù jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn tó ń wòran rò pé yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀rín sọ. Èmi náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. N ò lè gbé ọwọ́ nu ojú.

Dókítà ní apá náà yóò jẹun, yóò kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò ní í ju bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀gá Eré kì í ṣe ìkà. Ó ní, "Kò burú, àga rẹ ṣì wà níbẹ̀. Máa ṣiṣẹ́ akọ̀wé." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó sórí àga náà fún odindi ọjọ́ kan.

Wọ́n gbé òkìtì lẹ́tà àwọn oníbàárà kalẹ̀ fún mi pé kí n tò ó sínú fáìlì. Kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Akọ̀wé ọdún mẹ́ta, ó yẹ kó mọ̀. Mo lo làákàyè. Mo fi lẹ́tà àwọn ọba sókè pátápátá. Ti àwọn ìjòyè tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn àgbà oníṣòwò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, bí mo ṣe rò pé ó tó, mo sì fi àwọn ọ̀dọ́ sísàlẹ̀. Ṣé èmi ni kí n gbé ìwé ọmọ àná gun orí ìwé arúgbó, nítorí pé orúkọ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A? Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ilé-iṣẹ́ fi wá lẹ́tà kan ṣoṣo.

"Akọ̀wé," Ṣówándé wá bi mí, "oníkòkó ará Ìlárò yẹn, níbo lo fi ìwé ẹ̀ sí?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Kò tíì gbéyàwó."

Wọ́n fún mi ní ìwé pé lẹ́yìn oṣù kan kí n máa lọ.

Àjàyí dé ní ọ̀sẹ̀ náà, ó rí apá mi tí mo fi aṣọ so kọ́rùn, ẹnu kò sì lè bo ohun tí ojú ti rí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó gbé èsì bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá ẹ ní kí o máa bọ̀ wálé. Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé ipò rẹ ṣì ṣófo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọlé tí o kò dé, ẹlòmíì ni yóò gbà á. Ó ní kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ padà sílé." Ó wo ilẹ̀. "Èmi náà, mò ń padà bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ìgbẹ̀yìn tí màá wá kí wọ́n tó wọlé nìyẹn. Kí ẹrù ẹ ti wà ní dídì."

Kò sí ìtìjú. Ìyá mi náà mọ irọ́ í pa fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, ìtìjú gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Èkó ti gba apá mi; èmi kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ Èkó. Bí mo bá gun lọ́rì yẹn, mo fi ọdún mẹ́ta àti apá kan ta Èkó lọ́rẹ nìyẹn. Mo ní n ò lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun ò lọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tóun fẹ́ máa ṣe jẹun. Tábìlì kọ̀ mí. Bọ́ọ̀lù kọ̀ mí. Kí ló kù?

Pankẹ́rẹ́ ló kù.

Gbogbo ẹni tó lọ sílé-ìwé nígbà tiwa ló mọ pankẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn wa tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ojú wa lọ. Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo Bàbá Pẹ́dúrò bó ṣe ń fi í hun ìdí àga, tó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún tí kò ṣẹ́. Báàtì mi kan tí èèkù rẹ̀ ti dá wà lára ògiri. Mo mú un, mo fi ọ̀bẹ tú okùn tí wọ́n fi wé èèkù náà, mo sì figbe ta.

"Bàbá! Pankẹ́rẹ́ ni!"

"Kí ló ta ọ́?"

"Pankẹ́rẹ́ ni òyìnbó fi ṣe èèkù báàtì! Ẹ wò ó. Wọ́n là á, wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ há a láàárín."

L'Ékòó nígbà yẹn, bí èèkù báàtì bá dá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ sí Ìlú Ọba fún àtúnṣe, oṣù mélòó kan ni yóò sì lò kó tó padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á sọ ọ́ sínú àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ooru àti ọ̀rinrin ọ̀sà kì í sì í jẹ́ kí èèkù pẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ eléré ló ní báàtì tó ti kú. Mo sọ èyí fún Bàbá, ó gba báàtì náà lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á.

"Pósí ni mò ń kàn," ó ní. "Ohun tí mo bá kàn, ẹni tó ń lò ó kì í padà wá rojọ́. Èyí, wọ́n á padà wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Èmi ni wọ́n á bá."

Ọ̀kan àkọ́kọ́ tí a ṣe, mo so bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbá a. Èèkù dúró sí mi lọ́wọ́, pátákó fò lọ bọ́ sínú pósí kan tó ṣí sílẹ̀.

"Sin ín," ni Bàbá wí, láìgbójú sókè. "Ó ti wọlé."

N ò sin ín. Mo tún là pankẹ́rẹ́ míì. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo gé pẹlẹbẹ sí i. Bàbá gbẹ́ ìdí èèkù náà ní ṣóńṣó, ó gbẹ́ ihò rẹ̀ sára pátákó, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn bí ọmọ ṣe ń sun ẹ̀yìn ìyá. A kò fi ọjọ́ méjì sá gúlúù mọ́; ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, torí ọ̀rinrin ọ̀sà. Èyí dúró. Mo gbá bọ́ọ̀lù náà títí ọwọ́ òsì fi ń ta mí.

"Ó dúró," Bàbá gbà. "Gbọ́, Ìjẹ̀ṣà. Bí o bá rí oníbàárà kan tòótọ́, màá kó pósí kúrò níwájú, màá fún ọ ní àyè. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe oníbàárà o. Èmi náà kì í ṣe oníbàárà."

Ta ni mo mọ̀ tó ní báàtì ju Ọ̀gá Eré lọ? Mo tọ̀ ọ́ lọ ní ọ́fíìsì, mo gbé èyí tí mo tún ṣe dání. Kò tilẹ̀ gbà á wò. Ó ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń tún báàtì ṣe, ó kú iṣẹ́, ó dàbọ̀. Mo bọ́ síta, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, n ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bàbá mi.

Òṣómàáló ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ lọ sílùú onílùú tà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà kò sanwó, bàbá mi kì í jà, kì í bú ènìyàn. Yóò kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún ni. Kò ní í jókòó, kò ní í dìde, kò ní í sọ̀rọ̀, títí ojú yóò fi ti ẹni náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń fojú pamọ́. Ìdí tí mo fi tẹra mọ́ ìwé nìyẹn, kí n má baà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láyé.

Mo fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Eré.

Ṣówándé ló kọ́kọ́ rí mi. "Akọ̀wé, ṣé inú ló ń run ọ́?"

"Rárá."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn o."

"Mo mọ̀."

"Kí lò ń dúró dè?"

"Báàtì kan."

Òyìnbó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó tilẹ̀kùn. Ó tún ṣí i. Ó lọ jẹun ọ̀sán, ó padà dé, mo wà níbẹ̀. Orúnkún mi gbóná bí ààrò. Àwọn akọ̀wé tí kò ní iṣẹ́ kankan lápá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Níkẹyìn Ọ̀gá pe Ṣówándé, ó bi í pé kí ló ń ṣe ọkùnrin yìí. Ṣówándé nà gbọnrangandan bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

"Sà, nọ́tìn du am. Na Ìjẹ̀ṣà man."

Ọ̀gá ní títí di ìgbà wo ni mo fẹ́ wà níbẹ̀.

"Sà," ni Ṣówándé wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, "bàbá ìyàwó mi ra aṣọ lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ yáa fún un."

Ọ̀gá wọlé, ó gbé báàtì tirẹ̀ gan-an jáde, èyí tó fẹ́ràn jù, tí èèkù rẹ̀ ti dá láti oṣù tó kọjá. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn àti ẹgbẹ́ tíṣà ní ìdíje, báàtì náà ni òun yóò lò. Bó bá dúró, a ó sọ̀rọ̀. Bó bá dá, òun kò fẹ́ rí mi lẹ́nu ọ̀nà òun mọ́, yálà ní ìnàró tàbí ní òṣòó. Sátidé yẹn ni Sátidé Àjàyí. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ṣówándé àti akọ̀wé kan ló fà mí nílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo di pótímáńtò mi, mo gbé e sáàárín àwọn pósí níwájú ilé, mo ní kí Bàbá fi han Àjàyí bó bá dé. Ẹni tó bá ń wá ìṣẹ́gun náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà. Mo gbé báàtì Ọ̀gá, tí èmi àti Bàbá ti tún ṣe, lọ sí pápá.

Ọ̀gá Eré ló kọ́kọ́ dúró níwájú igi. Báàtì náà ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà gíga kan sáré bọ̀, ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ọ̀gá fì í. Bọ́ọ̀lù gba àárín báàtì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, igi fò. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo! Ó rìn padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó na báàtì sí mi.

"Ó yá, kò dá," ó ní.

Ẹ wò ó, mo lè gbà á, kí n rẹ́rìn-ín, kí n dúpẹ́. Ẹnu mi ni kò jẹ́.

"Sà, kò kan bọ́ọ̀lù."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú pápá. Ṣùgbọ́n báàtì tí kò kan bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi tí mo ṣe é gan-an kò mọ̀. Bó bá wá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá dúró jẹun, kí ẹnìkan fi báàtì náà gbá bọ́ọ̀lù tíṣà yẹn lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní ta ló fẹ́ fi ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ gba bọ́ọ̀lù yẹn láyà. Mo ní èmi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń gbẹ̀yìn!

Tíṣà náà gbà. Ó wá bá mi lójú pápá, ó ní, "Ará Òkè, mo máa ń wò ọ́ nígbà tí apá ẹ wà. N ò ní í rọra o."

"Ẹ má rọra, ẹ jọ̀ọ́."

Èyí àkọ́kọ́ bà mí ní ìhà. Èkejì wó igi. Wọ́n tún un rì. Ẹ̀kẹta, mo dijú, mo fì í. "Gbọ̀ọ̀!" Ìró náà gba inú èèkù gun apá mi, ó wọnú ejìká tó ti bàjẹ́ lọ, omi bọ́ lójú mi. Mo wo èèkù. Ó wà lódindi.

"Ẹ tún un jù," mo ní.

Ó jù ú. Ó jù ú títí àwọn tó ń jẹun fi gbé abọ́ wọn súnmọ́ tòsí. Mo kàn án, mo tàsé, ó bà mí lórúnkún, mo tún kàn án. "Ẹ tún un jù." Níkẹyìn tíṣà náà ló dá ọwọ́ dúró, ó di ìbàdí mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní báàtì náà kò ní í kú lónìí, ó ku òun.

Ọ̀gá Eré gbà á. Ó tẹ èèkù náà lórí orúnkún, ó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó ní kí ni mo fi sí i.

"Pankẹ́rẹ́ ni, sà. Òun náà ni àwọn àlùfáà yín fi nà wá títí a fi mọ̀wé."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí àgọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, ó nawọ́ sí igun kan. Báàtì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Ó ní kí n kó wọn lọ, kí wọ́n sì padà bíi tòun.

Mo fi okùn dì wọ́n, wọ́n bá mi gbé wọn rù, mo fi ọwọ́ òsì dì wọ́n mú. N ò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni yóò tẹ̀lé wọn, tàbí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá máa ta bọ́ọ̀lù àti bàtà eré ní Ìdúmọ̀tà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìhà ń dùn mí, ẹrù náà sì wúwo dáadáa. Nígbà tí mo wọ Ìdúmàgbò, obìnrin kan dá mi dúró.

"Bọ̀ọ̀dá onígi, èló ni ìdì kan?"

"Mà, èyí ò ṣe é dáná."

Lọ́rì Àjàyí dúró níwájú ilé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn. Òun fúnra rẹ̀ wà lókè ẹrù, ó ń so pótímáńtò mi mọ́lẹ̀. Ó rí mi.

"Ẹrù míì tún rèé? Lọ́rì ti kún o!"

"Àjàyí, sọ pótímáńtò yẹn kalẹ̀ fún mi."

Ó wo ohun tó wà lórí mi, ó wo ojú mi. Ó tú okùn.

"Kí ni kí n sọ fún ìyá?"

"Sọ òtítọ́ fún un. Sọ pé eré ni mo ti fi ń jẹun láti ọdún mẹ́ta yìí, pé eré ti tán. Sọ pé mo ti ríṣẹ́."

Bàbá Pẹ́dúrò jáde, páànù gúlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka báàtì náà lójú, kò ka èyí tó kẹ́yìn tán kó tó yíjú sí àwọn pósí tó kún iwájú ilé láti ògiri dé ògiri. Mo sọ ìdì náà kalẹ̀, mo tẹ̀ síbi pósí àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi á gbé orí."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi gbé e?"

"Èyí tó kù."